Ọmọdé nínú àhámọ́ ogun: àwọn ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu yín

Ní ọjọ́ Sátidé, èmi àti àwọn ọmọléèwé kan máa ń jókòó ka ìtàn àgbáyé ní Ọ̀fà. Kò sí èyí tó ń fa ìbéèrè bí ìtàn àwọn ọmọ ìran Japan tí ìjọba Amẹ́ríkà kó sí àhámọ́ nígbà ogun Hitler. Àwọn ọmọ ń béèrè, àwọn òbí tó wá mú wọn ń béèrè, àwọn olùkọ́ láti Ìlọrin àti Òmù-Àrán ń pè mí lórí fóònù. Nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè kan náà ló ń padà wá, mo kó ìdáhùn wọn jọ síbí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 1941, ọkọ̀ òfurufú ogun ilẹ̀ Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii. Bí Amẹ́ríkà ṣe wọ ogun nìyẹn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1942, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní Executive Order 9066, tó fún àwọn ọ̀gá ológun lágbára láti lé ẹnikẹ́ni kúrò ní agbègbè tí wọ́n bá yàn. Àṣẹ náà kò dárúkọ Japan rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àwọn ìran Japan tó ń gbé ní California, apá ìwọ̀ oòrùn Oregon àti ti Washington, àti apá kan Arizona ni wọ́n kó, tọmọdé tàgbà.

Iye wọn tó nǹkan bí 120,000. Wọ́n kó wọn kúrò nílé wọn lọ sínú àgọ́ tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká, tí sọ́jà sì ń ṣọ́ tìbọntìbọn. Àwọn mìíràn lò ju ọdún 3 lọ níbẹ̀.

Ṣé ọmọ Japan ni wọ́n, àbí ọmọ Amẹ́ríkà?

Bí ẹ bá kó ènìyàn 3 jọ nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí 2, òfin ibẹ̀ sì sọ pé ẹni tí wọ́n bá bí síbẹ̀, ọmọ ibẹ̀ ni. Àwọn òbí tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Japan ni wọ́n ń pè ní Issei, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà sì ni Nisei. Òfin ìgbà náà kò gbà kí Issei di ọmọ onílẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Ọdún 1952 ni wọ́n tó yí òfin yẹn padà.

Ẹ wo ọmọ tí wọ́n bí sí Ìlọrin, tó ń sọ èdè Ìlọrin, tí kò dé ibòmíràn rí láyé rẹ̀, tí ẹnìkan wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ojú rẹ̀ jọ ti ọ̀tá. Bó ṣe rí fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn nìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀?

Kò sí. Ẹnikẹ́ni kò gbé wọn dé kóòtù kí wọ́n tó kó wọn. Ní ọdún 1980 ni ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti tú ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ yẹn kò rí ẹ̀rí kan ṣoṣo pé ẹnìkan nínú àwọn ará etíkun ìwọ̀ oòrùn wọ̀nyí ṣe amí fún Japan tàbí ba nǹkan ìjọba jẹ́. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ní ó fà á: ẹ̀tanú ẹ̀yà, ìpayà ogun, àti àwọn aṣáájú tí wọn kò ṣe ojúṣe wọn.

Àwọn bàbá wa bá Japan jà ní Bọ́mà. Ṣé kì í ṣe àwọn ọ̀tá yẹn náà nìyí?

Àwọn àgbà ló máa ń béèrè èyí, mo sì mọ ibi tí ìbéèrè náà ti wá. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà nínú ẹ̀ka ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà 81 àti 82 tó lọ kojú Japan nínú igbó Bọ́mà. Àwọn tó padà bọ̀ sọ ohun tójú wọn rí, àwọn mìíràn kò sì padà bọ̀. Ilé tó bá ti pàdánù ènìyàn síbẹ̀, orúkọ Japan kì í dùn létí wọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yìnbọn fún bàbá wa ní Bọ́mà, sọ́jà ọba Japan ni. Ọmọ ọdún 6 tó ń ta bọ́ọ̀lù ní Los Angeles kò mọ̀ ọ́n rí. Ohun kan sì wà tó máa ń ya àwọn àgbà lẹ́nu: àwọn Nisei wà ní Bọ́mà lọ́dún 1944, ẹ̀yìn Amẹ́ríkà ni wọ́n sì wà. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Merrill's Marauders, Nisei 14 ló ń ṣe ògbufọ̀, tí wọ́n ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ àwọn sọ́jà Japan nínú igbó. Ìhà kan náà ni àwọn àti àwọn bàbá wa wà nínú ogun yẹn. Nisei mìíràn tún kún inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 442 tó jà ní Ítálì àti Faransé, nígbà tí òbí àti àbúrò ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà lẹ́yìn wáyà ní Amẹ́ríkà.

Báwo ni wọ́n ṣe kó wọn? Kí ni ọmọdé lè mú dání?

Bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri àti òpó iná. Ohun tí bébà náà sọ ni pé kí gbogbo ìran Japan tó wà ní àdúgbò báyìí múra, ọjọ́ báyìí ni wọ́n ń lọ. Erékùṣù Bainbridge ní ìpínlẹ̀ Washington ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àṣẹ jáde ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1942, ní ọjọ́ 30 wọ́n kó ènìyàn 227 sọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà péré, wọ́n níláti ta oko, ta ilé ìtajà, wá ẹni tí yóò bá wọn tọ́jú ajá. Àwọn oníjẹkújẹ ọjà mọ̀ pé dandan ni kí wọ́n tà, owó tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń fi ra ẹrù wọn.

Ohun tí ọwọ́ bá lè gbé nìkan ni wọ́n gbà wọ́n láàyè láti mú: aṣọ, ìbora, abọ́ àti ṣíbí. Wọ́n fún ìdílé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n kọ ọ́ sára páálí, wọ́n so ó mọ́ ẹrù, wọ́n sì so ó mọ́ kóòtù àwọn ọmọ. Bí a ṣe ń lẹ bébà mọ́ àpò ìrẹsì ní ọjà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sàmì sí ọmọ ènìyàn.

Norman Mineta, ọmọ San Jose, jẹ́ ọmọ ọdún 10. Aṣọ ẹgbẹ́ Síkáòtù ọmọdé ló wọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti wọ rélùwéè, ó mú igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù beesibọ́ọ̀lù dání. Sọ́jà gba igi náà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó lè fi jà. Mo máa ń dúró díẹ̀ níbí tí mo bá ń kà á fún àwọn ọmọ, nítorí gbogbo wọn ló mọ ohun tó wà nínú igi yẹn fún ọmọ ọdún 10.

Ṣé òótọ́ ni pé inú ilé ẹṣin ni wọ́n sùn?

Òótọ́ ni, fún àwọn tó pọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó wọn, àgọ́ kò tíì ṣetán, nítorí náà wọ́n fi wọ́n pa mọ́ fún oṣù bíi mélòó kan sí pápá eré ẹṣin bíi Santa Anita àti Tanforan ní California. Ilé tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ ni wọ́n gbá, wọ́n fi ọ̀dà funfun kùn ún, wọ́n pín in fún ìdílé. Koríko gbígbẹ ni wọ́n rọ sínú àpò tí wọ́n ń sùn lé. Ará Ìlọrin kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́ mọ̀ pé ọ̀dà kò lè pa òórùn yẹn, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú.

George Takei, tó di gbajúmọ̀ òṣèré nígbà tó yá, jẹ́ ọmọ ọdún 5 nígbà tí wọ́n kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Santa Anita. Ó ti sọ ọ́ níta gbangba pé ìtìjú ńlá ló jẹ́ fún ìyá àti bàbá òun, ṣùgbọ́n inú òun dùn pé òun máa sùn níbi tí ẹṣin ń sùn. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ohun tí ọmọ rí àti ohun tí òbí rí lójú kan náà kì í ṣe ọ̀kan.

Níbo ni àwọn àgọ́ náà wà?

Mẹ́wàá ni àgọ́ ńlá: Manzanar àti Tule Lake ní California, Poston àti Gila River ní Arizona, Topaz ní Utah, Minidoka ní Idaho, Heart Mountain ní Wyoming, Amache ní Colorado, Rohwer àti Jerome ní Arkansas. Aṣálẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn, ti Arkansas nìkan ni irà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ ni wọ́n wá.

Báwo ni ọjọ́ kan ṣe ń rí fún ọmọdé níbẹ̀?

Yàrá kan ni ìdílé kan ń gbé, nínú bárékè gígùn tí wọ́n fi pákó kàn, tí wọ́n sì fi bébà ọlọ́dà bo ara rẹ̀. Pákó náà gbẹ, ó sì là. Ní Manzanar, afẹ́fẹ́ máa ń gbé iyanrìn gba ojú ihò pákó wọlé, tí wọ́n á jí láàárọ̀ kí ìrọ̀rí ti yàtọ̀ sí ibi tí orí wà. Àwa tí a mọ ọyẹ́ mọ eruku, ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń lọ. Ní Heart Mountain, òtútù ni. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti California wá, tí wọn kò ní aṣọ òtútù, ni yìnyín bá níbẹ̀.

Agogo ló ń pè wọ́n lọ jẹun. Wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ sí ilé oúnjẹ gbogbogbò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí mo rò pé ó wọ ìdílé lára jù nìyí, ju wáyà lọ pàápàá. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wọn, ìyá ń jẹ tirẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọwọ́, bàbá wà lápá ibòmíràn. Bàbá tí kò fún ọmọ lóúnjẹ mọ́, tí kò ní ilé tí ó lè tì, tí owó oṣù rẹ̀ kò ju dọ́là 12 sí 19 lọ fún iṣẹ́ inú àgọ́, kí ni yóò fi bá ọmọ wí? Ọ̀pọ̀ ọmọ ni bàbá wọn kò sí lọ́dọ̀ wọn rárá níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn FBI, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ti wá mú àwọn tó jẹ́ olórí àdúgbò, olùkọ́ èdè Japan àti olórí ẹ̀sìn lọ láti alẹ́ Pearl Harbor.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jẹ́ ti gbogbogbò, níbẹ̀rẹ̀ kò sí ìdábùú kankan láàárín ẹni kan àti ẹnì kejì. Àwọn ìyá máa ń dúró di ààjìn kí wọ́n tó lọ nítorí ojú tì wọ́n. Iná ńlá láti orí ilé ìṣọ́ a sì máa tọ ẹni tó bá ń lọ lálẹ́ lẹ́yìn. Takei ní òun rò pé àwọn sọ́jà ń ṣe òun lóore, pé wọ́n ń tànmọ́lẹ̀ fún òun kí òun má baà ṣubú.

Wọ́n tún ṣeré. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ní ẹgbẹ́ Síkáòtù, wọ́n gbin òdòdó síwájú bárékè, wọ́n ṣe ijó. Àwọn kan máa ń fi èyí sọ pé kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ọmọdé á ṣeré níbikíbi tí ẹ bá gbé e sí, ẹ̀rí pé ibẹ̀ dára kọ́ nìyẹn.

Ṣé wọ́n lọ sílé ìwé?

Wọ́n lọ. Inú bárékè ni wọ́n ti kàwé. Níbẹ̀rẹ̀, àga àti ìwé kò tó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jókòó sí. Láràárọ̀ wọ́n á dìde, wọ́n á gbọ́wọ́ lé àyà níwájú àsíá, wọ́n á ka ìbúra ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó parí sí pé òmìnira àti òdodo wà fún gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá wo ojú fèrèsé, wáyà ni wọ́n ń rí.

Orúkọ kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni Clara Breed, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé àwọn ọmọdé ní San Diego. Ní oṣù Kẹrin 1942, ó lọ bá àwọn ọmọ tó ń wá yá ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè, ó pín káàdì ìfìwéránṣẹ́ tí òǹtẹ̀ ti wà lára rẹ̀ fún wọn, ó ní kí wọ́n kọ̀wé sí òun. Wọ́n kọ̀wé. Ó ń fi ìwé, ọṣẹ àti ohun èlò ìránṣọ ránṣẹ́ sí wọn ní Santa Anita àti Poston títí ogun fi parí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ náà kò dára. Àwọn lẹ́tà yẹn ṣì wà lónìí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Japanese American National Museum ní Los Angeles. Ẹni kan ni, kò ní agbára ìjọba, àmọ́ ó ní káàdì àti òǹtẹ̀.

Àwọn ọmọ aláìlóbìí ńkọ́?

Wọ́n kó àwọn náà. Ní Manzanar, wọ́n kọ́ ilé mẹ́ta kan tí wọ́n pè ní Children's Village, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọ ilé aláìlóbìí láti Los Angeles àti San Francisco sí. Wọ́n tún ń wá ọmọ ìran Japan tó wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ kiri, kódà àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Japan kò pé lára wọn, àti ọmọ ọwọ́. Ọmọ 101 ló gba ibẹ̀ kọjá títí di 1945. Tí ẹnìkan bá tún sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni, ibí yìí ni mo máa ń mú un wá.

Ṣé wọ́n pa ẹnikẹ́ni?

Wọ́n pa ènìyàn. Ní Manzanar, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá 1942, sọ́jà yìnbọn sáàárín èrò tó ń fẹ̀hónú hàn, ènìyàn 2 ló bá a lọ. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún 17. Ní Topaz, ní oṣù Kẹrin 1943, sọ́jà orí ilé ìṣọ́ yìnbọn pa James Wakasa, ẹni ọdún 63, nítòsí wáyà. Wọ́n gbé sọ́jà náà dé kóòtù ológun, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Kí ló dé tí àwọn òbí kò kọ̀ jálẹ̀?

Àwọn Issei ní ọ̀rọ̀ kan, *shikata ga nai*. Bí a bá wí i lédè tiwa, ó ń lọ síbi "kò sóhun tí a fẹ́ ṣe sí i". Ẹ mọ ohùn tí àwọn àgbà fi ń sọ ọ́. Kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ pé ìyà ni. Wọ́n ń dáàbò bo ọmọ tó dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Àwọn kan sì kọ̀. Fred Korematsu, ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún 23 ní Oakland, kọ̀ láti lọ, wọ́n mú un, ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1944, adájọ́ 6 dá a lẹ́bi, 3 kò fara mọ́ ọn. Ọdún 1983 ni wọ́n tó pa ìdálẹ́bi yẹn rẹ́. Gordon Hirabayashi àti Minoru Yasui náà kọ̀, Mitsuye Endo sì pe ìjọba lẹ́jọ́ láti inú àgọ́, ó sì jàre ní ọjọ́ kan náà tí Korematsu pàdánù.

Ní ọdún 1943, wọ́n pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún àwọn àgbà. Ìbéèrè 27 béèrè bóyá wọ́n á wọ ṣọ́jà, ìbéèrè 28 ní kí wọ́n sẹ́ ọba Japan. Issei tí Amẹ́ríkà kò gbà ní ọmọ, bó bá sẹ́ Japan, kò ní ilẹ̀ kankan mọ́ láyé. Fọ́ọ̀mù yẹn tú ìdílé ká: bàbá ní rárá, ọmọkùnrin ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kéékèèké ń gbọ́ ariwo láti abẹ́ ìbora. Tule Lake ni wọ́n kó àwọn tó dáhùn rárá lọ, àti ọmọ wọn.

Tí ó bá jẹ́ ẹ̀rù amí ni, kí ló dé tí wọn kò kó àwọn ti Hawaii, níbi tí bọ́ǹbù ti balẹ̀?

Ìbéèrè tó dára jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyí. Ọmọbìnrin ọdún 13 ló kọ́kọ́ bi mí. Ìran Japan tó wà ní Hawaii ju 150,000 lọ, ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará ibẹ̀. Àwọn tí wọ́n há mọ́ nínú wọn kò tó 2,000. Àwọn ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko ìrèké, àwọn ni káfíńtà, àwọn ni òṣìṣẹ́ èbúté. Bí wọ́n bá kó wọn, Hawaii á dákẹ́. Ní California, àwọn àgbẹ̀ funfun kan ti ń fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Japan kúrò lọ́jà tipẹ́tipẹ́. Ẹ wá fi ìwọ̀nyí wé ara wọn.

Ṣé ohun kan náà ni pẹ̀lú ohun tí Hitler ṣe?

Rárá. Hitler pa nǹkan bí Júù mílíọ̀nù 6. Àwọn àgọ́ Amẹ́ríkà kì í ṣe ibi tí wọ́n kọ́ láti pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká pe ìkọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀.

Ìgbà wo ni wọ́n dá wọn sílẹ̀, ṣé wọ́n sì bá ilé wọn?

Láti oṣù Kìíní 1945 ni wọ́n ti láǹfààní láti padà sí etíkun. Tule Lake ló tì kẹ́yìn, ní oṣù Kẹta 1946. Dọ́là 25 àti tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ni wọ́n fi sin wọ́n. Àwọn díẹ̀ bá ilé wọn nítorí aládùúgbò rere bá wọn ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ bá ẹlòmíràn nínú rẹ̀, tàbí bá ẹrù tí wọ́n fi pamọ́ ní fífọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n wọlé ní ọmọ ọwọ́ kò mọ ayé tí kò ní wáyà. Àwọn kan bẹ àwọn òbí wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn padà sílé, àgọ́ ni wọ́n ń pè ní ilé.

Ṣé ìjọba tọrọ àforíjì?

Ó tọrọ àforíjì, lẹ́yìn ọdún 46. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1988, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tó tọrọ àforíjì, tó sì fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó ṣì wà láàyè ní dọ́là 20,000. Ó ju ènìyàn 82,000 lọ tó gbà á. Àwọn Issei tí wọ́n pàdánù oko àti ilé ti kú púpọ̀ kí ó tó dé, ọmọ ìgbà náà ló gbà á.

Mineta tí wọ́n gba igi lọ́wọ́ rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé òfin náà lọ síwájú, nítorí ó ti di ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin. Alan Simpson dúró tì í ní ilé aṣòfin àgbà. Ọmọ Cody ni Simpson, ìlú tó wà nítòsí Heart Mountain. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, àwọn Síkáòtù Cody wá kí àwọn Síkáòtù inú àgọ́, wọ́n fi àwọn méjèèjì sínú àgọ́ aṣọ kan náà, bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Kí ló kan àwa ará Kwara nínú èyí?

Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ 2 láti jáde. Àwọn tí wọ́n lọ láti Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Èjìgbò ti gbé ibẹ̀ láti ìran dé ìran. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ilé, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀. Ìyá mi wà lára wọn. Ọmọ ọdún 8 ni wọ́n, Kumasi ni wọ́n bí wọn sí. Twi ni wọ́n fi ń bá ẹgbẹ́ wọn ṣeré. Nígbà tí wọ́n dé ilé bàbá wọn ní Ọ̀fà, "ọmọ Gánà" ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè wọ́n. Àjèjì lọ́hùn-ún, àjèjì níbí.

Kì í ṣe ohun kan náà. Ogun kò sí ní Gánà, kò sí wáyà, ẹnikẹ́ni kò há ìyá mi mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka ìtàn ọmọ tí wọ́n so páálí mọ́ ní kóòtù, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ ìdí fún un, mo mọ ojú tí ọmọ náà ń fi wo ìyá rẹ̀. Mo ti rí ojú náà nílé wa.

Ṣé àwa náà kò ti ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn?

A ṣe é. Ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù, bíi mílíọ̀nù kan. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a fi orúkọ wọn pè títí dòní, a sì ń lò ó lọ́jà láìrántí ọmọ tó jókòó lé e lórí ní ẹnubodè.

Àti láàárín ara wa pẹ̀lú. Nígbà tí ogun Ìlọrin àti Ọ̀fà le, tí Ọ̀fà tú, ọmọdé wà lára àwọn tó sá. Ọ̀fàtẹ̀dó tó wà ní ilẹ̀ Ọ̀ṣun lónìí, àwọn ará Ọ̀fà tí ogun lé ló tẹ̀ ẹ́ dó. Mo ń kọ́ ọmọ Ìlọrin àti ọmọ Ọ̀fà pọ̀ nínú yàrá kan, a sì ń sọ èyí náà láìbú ẹnikẹ́ni.

Ọdún mélòó ni ó yẹ kí ọmọ tó kí n tó sọ irú ìtàn yìí fún un?

Ọmọ ọdún 7 lè gbọ́ ti igi bọ́ọ̀lù àti ti Clara Breed. Ẹ fi ti ìbọn sílẹ̀ títí yóò fi tó ọdún 11 tàbí 12. Tí ó bá béèrè pé "ṣé wọ́n lè kó àwa náà?", ẹ má sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé. Ẹ sọ fún un pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ẹ máa sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ àgọ́ wọ̀nyẹn ń sọ nígbà tí wọ́n dàgbà ni pé àwọn òbí wọn kò sọ ohunkóhun, tí àwọn fi rò pé àwọn ló ṣẹ̀.

Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó ti Gánà dé. Tí mo bá béèrè, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má bèèrè bó ṣe rí lára wọn. Àwọn Nisei náà, ogójì ọdún ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi dákẹ́ lójú ọmọ wọn, títí ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin yẹn fi pè wọ́n wá jẹ́rìí lọ́dún 1981, tí àgbàlagbà fi ń sunkún níwájú gbogbo ayé. Ẹ béèrè nǹkan: ta ló di ẹrù? Kí ló wà lórí iná lọ́jọ́ náà? Kí lẹ fi sílẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹun tàbí kí wọ́n máa ṣa ẹ̀wà bí ẹ ti ń bi wọ́n. Ẹ gbà á sórí fóònù bí wọ́n bá gbà.

Ọdún púpọ̀ ni mo fi bi ìyá mi ní ìbéèrè tí kò dára. Lọ́jọ́ tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n mú dání, wọ́n ní síléètì. Kì í ṣe tiwọn. Ọ̀rẹ́ wọn kan, ọmọ Ashanti, ló yá wọn ní ọjọ́ Fúráìdé pé kí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ilé, nígbà tó máa di Mọ́ńdè wọ́n ti wà lórí ọkọ̀. Wọ́n sọ orúkọ ọmọ náà fún mi, àti orúkọ bàbá rẹ̀, àti ojúlé tí wọ́n ń gbé, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo rò pé olùkọ́ nà án.